Orúkọ Ìkànnì fún Okòwò Tuntun Nílẹ̀ Okun: Èwo Ni Ká Mú, Èwo Ni Ká Fi Sílẹ̀?

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ìsánlú, nílẹ̀ Okun wa ní Ìpínlẹ̀ Kogi, ló là mí lójú sí ọ̀rọ̀ orúkọ ìkànnì, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀. Mo pè é láti Kábà pé kí ó bá mi fún ọmọ rẹ̀ tó wà ní Àbújá ní àdírẹ́sì ìkànnì tí a ti ń tajà, kí ọmọ náà lè máa ra oúnjẹ ilé láti ibẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, ó ń so.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Fresh, dáàṣì, fọ́ọ̀..."

"Fọ́ọ̀ wo? Ṣé ti nọ́ńbà ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ti nọ́ńbà. Dáàṣì mìíràn, kí ẹ kọ lẹ́tà yù. Dáàṣì lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wá kọ Kabba, bíì méjì."

"Ta lo fẹ́ dáàṣì, ọmọ mi?"

"Kì í ṣe dáàṣì yẹn, Ìyá. Ìlà kékeré tó ń dùbúlẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ ni."

"Ó dáa. Fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, jàre." Ni fóònù bá já.

Ọmọ náà kò dé ìkànnì wa títí di òní. Ọdún méjì gbáko la fi ru orúkọ yẹn kiri, tí à ń tẹ̀ ẹ́ sára àpò gàrí, tí à ń kọ ọ́ sára ọkọ̀, tí à ń ṣàlàyé rẹ̀ fún èèyàn bí ẹni ń ṣàlàyé ọ̀nà oko. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ dá okòwò sílẹ̀ ti ń wá bá mi pé orúkọ wo ni kí àwọn mú. Ẹ jẹ́ kí n gbé ohun tí wọ́n sábà máa ń yàn nínú rẹ̀ síwájú yín, kí n fi wọ́n wéra, kí n sì sọ èyí tí èmi máa mú.

Orúkọ tó dára tàbí ọjà tó dára?

Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Nínú okòwò orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ti rí ibi tí kò ti rò ó rárá.

Ẹ wo Pets.com ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń ta oúnjẹ ajá àti ológbò, orúkọ wo ló tún fẹ́ tó ju ìyẹn lọ? Ọ̀rọ̀ kan, lẹ́tà mẹ́rin, .com, ọmọdé gan-an lè tẹ̀ ẹ́. Oṣù kejì ọdún 2000 ni wọ́n gbé ìpín ìdókòwò wọn lọ sọ́jà. Oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, wọ́n ti kógbá sílé. Wọ́n ń ta ọjà ní iye tí kò tó èyí tí wọ́n fi rà á, owó àtigbé àpò oúnjẹ ajá tó wúwo lọ sílé oníbàárà sì ń jẹ wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́. Orúkọ kò bá wọn san owó ọkọ̀. Ẹni tó bá ti kó iṣu láti Kábà lọ sí Ìlọrin lójú ọ̀nà wa yìí á mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ wá gbé Facebook tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Thefacebook.com ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 2004, orúkọ tó ní ọ̀rọ̀ tí kò wúlò lórí bíi fìlà tó tóbi ju orí lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́ kí wọ́n tó fi $200,000 ra facebook.com ní 2005. Dropbox ń jẹ́ getdropbox.com nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Tesla lo teslamotors.com títí di 2016, Elon Musk sì sọ pé mílíọ̀nù 11 dọ́là ni tesla.com ná òun. Nínú gbogbo wọn, ọjà ló kọ́kọ́ rìn, orúkọ wá bá a lọ́nà.

Nítorí náà, ẹni tó ní ₦500,000 láti fi bẹ̀rẹ̀, tó wá ń ro bí òun ṣe máa fi ₦300,000 ra orúkọ lọ́wọ́ ẹnì kan, mo máa ń sọ fún un pé kí ó lọ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dí ẹnu àpò ọjà. Èyí kò wá ní ká sọ pé orúkọ kò já mọ́ nǹkan o. Ní 1994, Jeff Bezos kọ́kọ́ pe ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Cadabra. Lóyà rẹ̀ gbọ́ ọ lórí fóònù bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí òkú èèyàn. Wọ́n yí i padà sí Amazon. Orí fóònù kan náà ló bá èmi àti ìyá Ìsánlú. Ìyàtọ̀ ni pé Bezos tètè gbọ́ràn, èmi lo ọdún méjì.

Orúkọ Yorùbá, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ ìlú

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ilé tiwa sì rèé: èdè wa ní àmì ohùn, àdírẹ́sì ìkànnì kò ní.

Ẹ tẹ oko sínú fóònù. Àgbẹ̀ á kà á sí oko tó ń ro, ìyàwó ilé á kà á sí ọkọ rẹ̀, awakọ̀ á kà á sí ọkọ̀, alágbẹ̀dẹ á kà á sí ọkọ́. Ìkarùn-ún wà tí n kò ní kọ síbí. Gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀ ọ́n, òun sì ni àwọn ọmọ ilé ìwé máa kọ́kọ́ kà. Ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ sí oko, kí ó fi ọ̀rọ̀ mìíràn tì í lẹ́yìn tí á fi hàn pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń sọ.

Ẹ tẹ ileeko. Ṣé ilé ẹ̀kọ́ ni, tàbí ilé ẹ̀kọ tí wọ́n ti ń ta ẹ̀kọ gbígbóná, tàbí ilé kan ní Èkó? Bí a bá sì sọ ọ́ lẹ́nu kíákíá, àwọn kan á kọ e kan, àwọn kan á kọ méjì. Èdè wa máa ń fẹ́ kí fáwẹ́lì gbé ara wọn mì. Àdírẹ́sì kì í gbé nǹkan kan mì, lẹ́tà kan tó bá sọnù, ilé ẹlòmíràn lẹ máa kàn.

Ọ̀rọ̀ tó ní ṣ nínú tún ní wàhálà tirẹ̀. Àwọn kan á kọ s, àwọn kan á kọ sh. Ẹ ti rí Adesina àti Adeshina nínú ìwé orúkọ kíláàsì kan náà rí.

Okun tí à ń kí ara wa ńkọ́? Tí a bá tú àmì kúrò lórí rẹ̀, okùn ìdìgi, òkun alagbalúgbú omi àti okun tó jẹ́ agbára ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa. Ọmọ Yàgbà, Ìjùmú, Owé tàbí Bùnú tó bá rí i á rẹ́rìn-ín músẹ́, á mọ̀ pé ilé ni. Ará Abẹ́òkúta á rò pé ẹja lẹ ń tà. Bó bá jẹ́ àwa àti àwa lẹ fẹ́ tà fún, títí kan àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun, ẹ mú un láìjáfara. Bó bá jẹ́ gbogbo Nàìjíríà, ẹ wá nǹkan mìíràn.

Àwọn kan á ní, ṣebí ó ṣeé ṣe láti fi ọ àti ẹ tó ní àmì sínú àdírẹ́sì? Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n lábẹ́lẹ̀, lẹ́tà a dé z, nọ́ńbà àti dáàṣì nìkan ni ètò náà mọ̀. Á yí ọ̀rọ̀ yín padà sí nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú xn--, tí lẹ́tà jágbajàgba wá tẹ̀ lé e. Bí bíráúsà bá fura, ohun yẹn gan-an ló máa gbé síwájú oníbàárà, ẹni tó bá sì rí i á rò pé gbájúẹ̀ ni yín. Mo fẹ́ràn èdè wa dénú, mo sì ń kọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ bẹ́ẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n n kò ní fi owó mi dán èyí wò.

Orúkọ ìlú dùn, ó sì ń jẹ́ kí èèyàn gbà yín gbọ́. Ẹni tó bá rí Kabba lára kọfí tàbí gàrí á mọ ibi tó ti wá. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni ìṣòro: àwọn kan á kọ Kabba, àwọn kan Kaba, ẹni tó bá sì kọ Kaaba, a méjì níwájú, ti dé Mẹ́kà. Egbe ti Yàgbà kò yàtọ̀ lójú fóònù sí ẹgbẹ́ aláṣọ ẹbí, Egbe mìíràn sì tún wà ní Èkó. Iyara ìlú wa àti ìyàrá ilé ìtura, lẹ́tà kan náà ni wọ́n, ẹni tó ń wá ibi tó máa sùn lè ṣèèṣì wọlé. Yàtọ̀ sí èyí, orúkọ ìlú ń so èèyàn mọ́lẹ̀. Ẹni tó fi Kabba sórúkọ, tó wá ṣí ẹ̀ka sí Lọ́kọ́ja, àwọn ará Lọ́kọ́ja á máa bi í pé ṣé títí Kábà ni àwọn ti máa wá gbé ọjà.

Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀, gbogbo èyí tó rọrùn ni wọ́n ti mú. Fresh, agro, farm, hub, naija: ẹ so èyíkéyìí nínú wọn pọ̀, ẹnì kan ti wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń fi 4 dípò "for", tí wọ́n ń yọ fáwẹ́lì, tí wọ́n ń fi dáàṣì pín in. Ẹ ti rí ibi tí ìyẹn gbé mi dé.

Bí ẹ bá fi mí sí i, mo máa mú ọ̀rọ̀ Yorùbá kúkúrú tí kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ, tí itumọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ, tí Ígbò tàbí Haúsá tó wà ní Òbàjáná sì lè gbọ́ lẹ́ẹ̀kan kí ó kọ ọ́. Ìdánwò rẹ̀ kò gba kọ̀ǹpútà. Ẹ pe èèyàn mẹ́ta lórí fóònù, kí ọ̀kan wà nínú ọjà, kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Ẹ sọ orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ má ṣàlàyé, kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n fi ránṣẹ́ padà. Èyí tí méjì nínú wọn bá ṣì, ẹ gbé e sọnù, bó ti wù kí ó dùn létí yín tó. Orúkọ kejì tí a mú, ìyá Ìsánlú ni mo kọ́kọ́ pè.

.com, .ng tàbí .com.ng?

| | .com | .ng | .com.ng |
|---|---|---|---|
| Ta ló ń ṣàkóso rẹ̀ | Verisign, ní Amẹ́ríkà | NiRA, ní Nàìjíríà | NiRA, ní Nàìjíríà |
| Owó rẹ̀ ń tẹ̀ lé | dọ́là | náírà | náírà, owó rẹ̀ ló sì sábà máa ń kéré jù |
| Orúkọ kúkúrú | ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán | ó ṣì wà | ó ṣì pọ̀ |
| Lẹ́nu | gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n | ó ya ni lẹ́nu díẹ̀, ó sì kúrú | ó gùn, àwọn kan máa ń gbàgbé .ng |

Ọ̀rọ̀ owó kọ́kọ́. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, Verisign gbé owó tó ń gbà lọ́dún lórí .com kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á fún wa dé $10.26, àwọn náà á sì fi èrè tiwọn lé e. Kò dà bí owó ńlá títí ẹ ó fi rántí pé nígbà tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi ₦460 ti kọjá ₦1,500 nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2024. Ẹni tó ní orúkọ mẹ́wàá mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́dún yẹn.

Ní ti ìwà èèyàn, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé nǹkan mìíràn wà yàtọ̀ sí .com. Ilé ìtajà Overstock ní Amẹ́ríkà kọ́ èyí lójú iná ní 2011. Wọ́n polongo orúkọ tuntun, O.co, lẹ́tà kan péré. Àwọn oníbàárà ń gbọ́ ọ, wọ́n ń lọ tẹ o.com. Wọ́n padà sí orúkọ àtijọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí fún ẹni tó mú .com.ng nígbà tí .com orúkọ yẹn wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tó ń ta irú ọjà kan náà: ẹ ó máa polówó fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Èmi máa ń pín in báyìí. Bó bá jẹ́ ọjà tí ẹ ń tà fún Kogi, Kwara àti Àbújá nìkan, .com.ng tó, ó sì jẹ́ kí àwọn èèyàn mọ̀ pé ẹ wà nílé. Bó bá jẹ́ pé àwọn oníbàárà òkèèrè tàbí olùdókòwò lẹ ń wò, ẹ mú .com bí orúkọ tó dáa bá ṣì wà. .ng wà fún ẹni tó ní ọ̀rọ̀ kúkúrú tó dùn gan-an tí .com rẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́ abánidíje. Ilé ìwé ní .sch.ng tirẹ̀, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ní .org.ng. Ẹ̀yin tó ń kọ́ ètò kọ̀ǹpútà á ti ṣàkíyèsí pé Paystack, ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà tó ń bá oníṣòwò gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ilé-iṣẹ́ Stripe rà ní 2020 ní owó tó lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là, paystack.com ni ojúlé rẹ̀, ṣùgbọ́n api.paystack.co ni kóòdù fi ń bá a sọ̀rọ̀. Òpin orúkọ kò dí i lọ́wọ́ kí ó tó dé ibi tó dé.

Èyí tí n kò ní bá yín fọwọ́ sí ni ọ̀fẹ́. Àìmọye ọmọ ilé ìwé gíga ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú .tk, .ml àti .ga tí Freenom ń pín lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2023, lẹ́yìn tí Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook, ti gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ nítorí àwọn ọlọ́jà èrú tó kún ibẹ̀, wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n sì kéde ní 2024 pé àwọn ti kúrò nínú òwò náà.

Ìkànnì tara ẹni tàbí Facebook àti WhatsApp?

Kí n má purọ́: nílẹ̀ wa, WhatsApp ni ọjà. Ẹni tó ń ta kajú tàbí èlùbọ́, tí kò sì tíì ní oníbàárà ogójì, kò nílò ìkànnì kankan. Ṣùgbọ́n kí ó ra orúkọ rẹ̀ pamọ́, kí ó darí rẹ̀ sórí nọ́ńbà WhatsApp rẹ̀. Ayálégbé ni gbogbo wa nílé Facebook. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp kú fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ń sọ fún ayé ibi tí facebook.com wà ló dàwátì, ẹ wo ọ̀rọ̀ orúkọ náà. Àwọn tó kó gbogbo oníbàárà wọn sórí Twitter náà á rántí pé láti oṣù kẹfà 2021 títí di oṣù kìíní 2022 ni ìjọba fi tì í pa ní Nàìjíríà. Ẹni tó ní orúkọ tirẹ̀ kàn máa yí ibi tó darí sí padà ni.

Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó ti mú un, tàbí ẹ yí orúkọ padà?

Ẹ yí i padà. Okòwò tuntun kì í ṣe Tesla. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ sí CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ okòwò sílẹ̀, ni o. Àwọn kan á lọ gba ìfọwọ́sí orúkọ ní CAC, tí wọ́n máa pa mọ́ fún wọn fún ọjọ́ 60, wọ́n á rò pé ó ti tán. Nígbà tí wọ́n bá dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹlòmíràn ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé CAC àti ìwé ìkànnì kò mọ ara wọn. Ẹ ṣí méjèèjì sí ojú fóònù lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì wo Instagram náà. Ẹni tó mú orúkọ yín kò sì fi dandan jẹ́ olè: ọkùnrin kan tí orúkọ ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ Nissan ti mú nissan.com láti 1994, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ náà pè é lẹ́jọ́ ní 1999, kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Orúkọ tó dára lọ́wọ́ ẹlòmíràn tàbí orúkọ lásán lọ́wọ́ ara yín?

Orúkọ kejì tí mo ní mo kọ́kọ́ pe ìyá Ìsánlú sí, ó kọ ọ́ láìṣì, ó ní, "Ṣé ìyẹn nìkan ni?" Inú wa dùn. Ọmọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ ló bá wa rà á. Ó fi ímeèlì ara rẹ̀ rà á, ó fi káàdì ara rẹ̀ san án, a san owó náà padà fún un, a dúpẹ́, a gbàgbé. Ọdún kan kọjá. Ó ti rìnrìn àjò, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Gbogbo ìkìlọ̀ pé orúkọ náà fẹ́ parí, inú ímeèlì tirẹ̀ ló ń bọ́ sí. Àwa kò mọ̀ títí tí oníbàárà kan fi pè láti Ìyàrà pé, "Ẹ̀gbọ́n, ojú ewé yín ń sọ pé ẹ wà fún títà."

Ìgbà náà ni mo kọ́ bí ètò .com ṣe ń lọ. Tó bá ti parí, ẹni tó tà á lè fi nǹkan bí ọjọ́ 45 sílẹ̀ kí ẹ ṣì lè san owó tó yẹ. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ 30 wà tí ẹ ṣì lè rà á padà, ṣùgbọ́n ní ìlọ́po owó. Ọjọ́ márùn-ún sí i, á di ti ẹnikẹ́ni tó bá tètè na ọwọ́. A sì wà nínú ọjọ́ 30 yẹn, owó wà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n ẹni tó tà á kò mọ̀ wá: orúkọ ọmọkùnrin yẹn ló wà nínú ìwé wọn, kì í ṣe tiwa. A ń wo ọjọ́ bó ṣe ń lọ ni, títí ó fi bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan tí a kò mọ̀. N kò bínú sí ọmọ náà tó bí mo ṣe bínú sí ara mi. Àní Microsoft gan-an gbàgbé láti san owó passport.com ní 1999, ará ìta kan ló bá wọn san $35.

Orúkọ kẹta ni à ń lò báyìí. Kò dùn tó èkejì. Ímeèlì ilé-iṣẹ́ ni mo fi rà á, àbúrò mi obìnrin sì mọ páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo san lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ tó máa parí wà lára kàlẹ́ńdà ìjọ tí a gbé kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, lókè ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, mo fi bíírò pupa yí i ká. Bí a bá pààrọ̀ kàlẹ́ńdà lóṣù kìíní, kíkọ ọjọ́ yẹn sára tuntun ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣe kí n tó ṣílẹ̀kùn.